Okùn Àsíá Tí Mo Fi Ń Sá Aṣọ

Polruan, Cornwall,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 1820.

Sí Digory Nancarrow, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó rẹ àti gbogbo àwọn tó ń jẹun lábẹ́ òrùlé ńlá yín ní Plymouth. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí ara tìrẹ kì í ṣàì le nígbà tí ti ẹlòmíì bá ń bàjẹ́. Ara tèmi náà le. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu lórí àtẹ̀gùn, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe ahọ́n mi, wàá sì rí i kí lẹ́tà yìí tó parí. Má fún akọ̀wé rẹ kà á. Ti ilẹ̀kùn, jókòó, kí o fúnra rẹ kà á.

Gbogbo ayé ló ń pè ọ́ ní Sà Digory báyìí. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gákọ̀ máa ń ṣí fìlà dúró tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ bá ń kọjá. Èmi ò ní fìlà tí màá ṣí fún ọ. Èmi ni mo nu ikun imú rẹ nígbà tí ìyá wa kú tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, tí èmi náà ò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ẹ̀yìn mi lo máa ń wà tí mo bá ń to ẹja sínú iyọ̀ létí òkun, tí o máa ń fa irun mi tí ebi bá ti ń pa ọ́. Nítorí náà, ìwọ ni màá máa pè ọ́ nínú lẹ́tà yìí. Bí kò bá dùn mọ́ ọ nínú, fara dà á.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ wa lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, pẹ̀lú ìwé méjì nínú rẹ̀. Ìwé kìíní ni ìwé oyè tó sọ Hender ọkọ mi di ọ̀gákọ̀, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì tí irun orí rẹ̀ ti re dànù. Ìwé kejì ni ọ̀rọ̀ tí o ti bá a kọ sílẹ̀, tó kù kó buwọ́ lù, kó sì lọ búra lé lórí níwájú adájọ́ ní Launceston ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ó wà níbẹ̀ pé lọ́jọ́ ìjà ọkọ̀ Thessaly, ọta ìbọn àwọn Faransé ló já okùn tí ẹ fi ń fa àsíá yín sókè, pé ìwọ fúnra rẹ lo gun òpó tí o fi ìṣó kan àsíá náà mọ́ ọn, àti pé irọ́ gbuu ni Sampson Uren ń pa mọ́ ọ. O wá fi kún un nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe wá lóore, pé bí Hender bá ti buwọ́ lu ìkejì, ìkínní di tirẹ̀.

O lè ti gbàgbé ẹni tí Sampson í ṣe, torí ìwọ àti àwọn tó bá ọ jìyà kì í pẹ́ ya ara yín. Òun ló máa ń dúró nídìí okùn àsíá lórí Thessaly. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún, ó sì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ níhìn-ín tẹ́lẹ̀, ó ń hun àwọ̀n fún àwọn apẹja. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọdún mọ́kànlélógún gbáko ni kò fi sọ ohunkóhun nípa ìjà yẹn, àfi ìgbà tí onílé ọtí tó wà létí èbúté gbé pátákó tuntun kọ́ sókè. Ìwọ ni wọ́n yà síbẹ̀, nínú aṣọ búlúù rẹ, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́, o ń kan àsíá mọ́ òpó.

Sampson dúró wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta lẹ yà síbẹ̀ yẹn? Ọ̀gá wa Nancarrow kẹ̀? Ọkùnrin yẹn ò mọ orí òòlù yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀!” Wọ́n ní kó panu mọ́, pé ọtí ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “N ò tíì fẹnu kan ọtí o. Ẹ wo ọwọ́ mi yìí dáadáa. Ọwọ́ yìí ló sọ àsíá yẹn kalẹ̀. Nancarrow dúró tì mí, ó ń gbọ̀n, ó ní, ‘Sọ ọ́ kalẹ̀, Uren, sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó pa wá tán.’ Ẹ lọ bi í!” Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé Plymouth. O lè rẹ́rìn-ín kí o gbàgbé ẹ̀, torí ta ni yóò gba arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan gbọ́ ju ìwọ lọ? Ṣùgbọ́n o ní kí wọ́n gbé e. Ó ti wà lẹ́wọ̀n Launceston láti ìgbà Kérésìmesì, nínú òtútù yìí, lórí ẹ̀sùn pé ó bà ọ́ lórúkọ jẹ́.

Màá sọ òtítọ́ nípa ara mi náà. Èmi wà lára àwọn tó bú u. Kí wọ́n tó wá gbé e, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo nawọ́ sí i lójú, mo ní, “Àgbàyà! Ọmọ tí mo fọwọ́ mi tọ́ lo ń pè ní ojo? Ẹnu rẹ á wọ́!” Kò bínú. Ó kàn gbé ojú sókè láti ìdí àwọ̀n rẹ̀, ó ní, “Loveday, lọ bi ọkọ rẹ.” N ò bi í. Mo rò pé ọkọ mi ò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo ti ń rò nípa ọkọ mi fún ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn, Digory, ìwọ lo sì gbìn ín sí mi lọ́kàn.

Jẹ́ kí n rán ọ létí bí o ṣe di ẹni tí o dà. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́ nígbà tí onílẹ̀ wa bá wa wá àyè fún ọ nínú ọkọ̀ ogun ọba, pé kí o lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gá. Mo rán ẹ̀wù mẹ́fà fún ọ, mo fi irun orí mi rán orúkọ rẹ sí ọrùn ìkọ̀ọ̀kan, kí òkun má bàa gbàgbé ọmọ ẹni tí o jẹ́. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó kù kí o lọ jókòó níwájú àwọn ọ̀gákọ̀ mẹ́ta tó ń dán àwọn ọmọ iṣẹ́ wò, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi oòrùn wá ibi tí ọkọ̀ wà lórí òkun. Ta ló kọ́ ọ? Hender Roskilly ló kọ́ ọ, òun tó ti yege ṣáájú rẹ. Ó jókòó tì ọ́ lọ́sàn-án lọ́sàn-án fún odindi oṣù méjì. Òun ló gbé ọ wálé fún mi nígbà tí ibà fẹ́ pa ọ́, ibẹ̀ lèmi àtòun sì ti rí ara wa. Ogójì ọdún rèé tí mo ti fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá àgbà kan fẹ́ràn ẹ̀rín rẹ, ó mú ọ lọ sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Kí o tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, o ti di ọ̀gákọ̀. Hender ò ní ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oyè, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín fún ọ̀gá. Iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n fún ọ ní Thessaly, o ní òun lo fẹ́ ní igbákejì, inú mi sì dùn débi pé mo jó nínú ilé ìdáná.

Ọjọ́ tí ẹ ṣí kúrò ní èbúté, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Hender, Ọlọ́run ò fún wa lọ́mọ. Digory lọmọ tí mo ní. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, má jẹ́ kí ojú tì í.” Ó ní, “Mo gbọ́.” O dúró nítòsí wa, o ń dẹ́rìn-ín. Mo rò pé o ò gbọ́ wa. Àṣé o gbọ́ o.

Ọdún kejì rẹ̀ ni ìròyìn dé pé Thessaly ti mú ọkọ̀ Faransé tó tóbi jù ú lọ. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì títí ọwọ́ fi ro àwọn tó ń lù ú. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sétí òkun yìí ló mọ bó ṣe ń lọ: bí ọkọ̀ bá ṣẹ́gun, ọ̀gákọ̀ á kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, á dárúkọ igbákejì rẹ̀ níbẹ̀ pé ó ṣe bí akin, orúkọ yẹn ni wọ́n á sì fi fún igbákejì ní oyè ọ̀gákọ̀. Ìlà kan péré ti tó. Mo pe àwọn aládùúgbò jọ, mo gun orí àpótí, mo ń kà á sí wọn létí. O dárúkọ oníṣègùn. O dárúkọ ẹni tó ń tún ìgbòkun ṣe. O tiẹ̀ dárúkọ ewúrẹ́ tí ẹ ń fún wàrà rẹ̀, pé ọta kọjá lórí rẹ̀ tí kò bà á. Mo yí ìwé náà sódì, mo wẹ̀yìn rẹ̀, bóyá orúkọ ọkọ mi wà níbẹ̀. Kò sí. Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin náà wúkọ́, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Hender dé, mo bi í pé, “Níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń jà?” Ó ní, “Mo wà nísàlẹ̀ nídìí àwọn ìbọn ńlá.”  Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ́ sọ òkò ọ̀rọ̀ lù ú. Mo máa ń ní, “Wo Digory! Ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, ó ti di ọ̀gá rẹ!” Nígbà tí o di ọ̀gá àgbà, tí wọ́n sì fi Hender sí ilé kékeré orí àpáta yẹn, kó máa fi awò awọ̀nàjíjìn wo ọkọ̀ tó ń kọjá, kó máa fi àsíá ránṣẹ́ sí wọn fún ọdún mọ́kànlá nínú afẹ́fẹ́ àti òjò, mo sọ fún un lójú àlejò pé, “Àwọn èèyàn ń jà lókè, ìwọ sá pamọ́ sísàlẹ̀ bí eku.” Ó dìde, ó lọ gbá ìta. Mo sọ ọ́, Digory. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ṣé o wá rí ìdí tí inú mi fi dùn nígbà tí ìwé oyè rẹ dé? Mo pariwo. Mo ní àbúrò mi ò gbàgbé wa. Mo gbé aṣọ iṣẹ́ Hender jáde, mo ran ibi tí kòkòrò ti jẹ, mo fi eérú dán bọ́tìnnì rẹ̀. Mo lọ sídìí kànga, mo sọ fún àwọn obìnrin pé, “Láti òní lọ, Ọ̀gákọ̀ Roskilly lẹ ó máa pe ọkọ mi o. Ẹni tó bá ṣì í pè, èmi àti ẹ̀ ni!” Ọ̀gákọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ìwé méjèèjì wà níwájú rẹ̀, ẹja àti ọ̀dùnkún rẹ̀ tutù mọ́ inú àwo. Mo ní, “Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí o lè jẹun, àbí?” Ó ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń jókòó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí rèé. Ṣé o rántí okùn tí mo fi ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, tó ti ara ògiri lọ dé igi ápù? Hender gbé e wálé láti inú Thessaly, ó ní okùn àtijọ́ lásán ni. Ó gùn dáadáa, kò ní kókó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí o wá kí wa lẹ́yìn ìjà, tí gbogbo ìlú ń tì gìrìgìrì láti fọwọ́ kàn ọ́, orí rẹ̀ ni mo sá àwọn ẹ̀wù rẹ sí. O jáde síta, o rí i, ojú rẹ yí padà. Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní oòrùn ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo fọ ẹ̀wù funfun Hender fún ìrìn àjò Launceston. Mo sì nílò okùn tí màá fi di àpótí, mo bá mú ọ̀bẹ kí n gé díẹ̀ kúrò lára okùn aṣọ náà. Háà! Digory, láti ogójì ọdún, ọkọ mi ò gbóhùn sókè sí mi rí. Ó ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Loveday! Má gé e!” Ó sáré jáde, ó ṣubú lulẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó di okùn náà mú láàárín àwọn ẹ̀wù tútù, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo rò pé àrùn ló kọ lù ú. Mo jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, ó sì sọ fún mi.

Ó ní àwọn wà nísàlẹ̀, àwọn ń yìnbọn, ni ìbọn Faransé ṣàdédé dákẹ́. Ó sáré gòkè. Àsíá wà nílẹ̀, Sampson dúró tì í. Ìwọ jókòó, o fẹ̀yìn ti òpó, o fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún un. Ó rò pé ọta ló já okùn, ó bá di okùn àsíá mú, okùn tí mo fi ń sá aṣọ yìí gan-an, ó fà á, àsíá náà sì ń gòkè. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́: “Okùn tó bá ti já, Loveday, kì í gbé nǹkan kan lọ sókè. Èyí ń gbé e. Ó ń sáré lọ́wọ́ mi wẹ́rẹ́ báyìí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé a ti juwọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀, mo sì ń fà á lọ.”

Ìwọ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti sọ àsíá kalẹ̀ ti parí ìjà. Kì í yìnbọn mọ́, wọn kì í sì í yìnbọn sí i. Òfin òkun ni, Faransé ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o. Àwọn Faransé ti gun etí ọkọ̀ wọn, wọ́n ń hó fún ayọ̀ pé ó ti tán. Ọ̀kan ń ju fìlà pupa. Àwọn tiwa nísàlẹ̀ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rí i pé àsíá ti padà sókè, wọ́n bá tú gbogbo ìbọn wọn lẹ́ẹ̀kan náà sí àwọn tó dúró gbangba síbẹ̀. Hender ní òun ṣì ń rí fìlà pupa yẹn ní gbogbo ọjọ́ tí òun bá gbé awò sójú lórí àpáta. Bí ẹ ṣe ṣẹ́gun nìyẹn. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lu agogo nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, o pè é sínú yàrá rẹ. O ní bó bá la ẹnu, okùn kan náà ni wọ́n máa fi gbé ẹ̀yin méjèèjì kọ́: ìwọ torí o juwọ́ sílẹ̀, òun torí ó yìnbọn lẹ́yìn ìjuwọ́sílẹ̀. Ìyẹn ò bí mi nínú púpọ̀, torí ẹ̀rù ń bà ọ́, mo sì mọ ẹ̀rù rẹ láti kékeré. Ohun tí o fi kún un ló bí mi nínú. O ní, “Rántí ohun tí Loveday sọ fún ọ ní èbúté.” Ọ̀rọ̀ mi! Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ, lo mú tí o fi dí ọkọ mi lẹ́nu! O sì tún lọ kọ lẹ́tà rẹ láì dárúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í ní ìbéèrè. O gbé ewúrẹ́ ga jù ú lọ. O sin ín sórí àpáta láàyè, o wá ń bọ̀ wá bá mi jẹun, o ń bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni Hender? Ó mà ṣe o, kò rí oyè gbà!”

Mo bi Hender pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo pè é ní eku. Ó ní, “Ìwọ lo ní kí n má jẹ́ kí ojú tì í. O ò sì ní ọmọ míì.”  Mo fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó ṣí ojú ewé.

Ó ṣì ń fẹ́ buwọ́ lu ìwé rẹ. Ó wọlé, ó fọ ọwọ́, ó ní, “Fún mi ní gègé, jẹ́ ká parí ẹ̀, kí o lè máa jẹ́ ìyàwó ọ̀gákọ̀.” Mo mú gègé, àmọ́ n ò gbé e fún un. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, mo ní, “Hender, èmi ni mo di ẹrù yẹn lé ọ lórí. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí. Ojú á tì í.” Ó ní, “Ojú á ti èmi náà, Loveday. Mi ò lè sọ tiẹ̀ kí n má sọ tèmi. Wọ́n á bi mí nípa fìlà pupa yẹn.” Mo ní, “Sọ ọ́.”  Ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó jẹ ẹja tó ti tutù sínú rẹ̀ tán.

Nítorí náà, ìwé oyè rẹ nìyí, mo dá a padà. Ìwé kejì nìyí pẹ̀lú, kò sí ìbuwọ́lù kankan lórí rẹ̀. A ó gbéra lọ sí Launceston lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ mi, pẹ̀lú okùn àsíá náà nínú àpò. Hender á dúró níwájú adájọ́, á sọ ohun tí ìwọ ṣe, á sì sọ ohun tí òun ṣe. Ní tèmi, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún Sampson Uren lójú gbogbo èèyàn, kí n sì gba àgbàyà tí mo pè é padà sára mi.

Ọjọ́ díẹ̀ wà láàárín ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dé ọwọ́ rẹ àti Ọjọ́bọ̀. Bí o bá wá fúnra rẹ, tí o sì dìde kí wọ́n tó pe Hender, tí o ní, “Ẹ tú arúgbó yìí sílẹ̀, òótọ́ ló sọ,” okùn náà ò ní jáde nínú àpò. N ò ṣèlérí pé wọn ò ní bú ọ. Wọ́n á bú ọ. Wọ́n á yọ pátákó yẹn nílé ọtí, àwọn ọmọ ìlú á máa sọ ọ́ lókò. Ṣùgbọ́n màá gbà ọ́ sílé. Bí o ò bá wá, má wá sí Polruan mọ́ nígbà ayé mi, bẹ́ẹ̀ ni kí o má rán òdòdó wá tí mo bá kú.

Mo gbàdúrà fún ọ, torí n ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ àdúrà lórí ọmọ tí wọ́n tọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ títí di Ọjọ́bọ̀. Kí ó fún ọ ní ẹsẹ̀ tó máa gbé ọ dé Launceston, kí ó sì gba ẹ̀rù kúrò lára rẹ lẹ́ẹ̀kan péré láyé yìí. Kí ó dárí ji ìwọ, àti Hender, àti èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ lu ọkọ mi fún ọdún mọ́kànlélógún.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbé ọ sẹ́yìn,
Loveday Roskilly.

Àfikún: Mo tú okùn náà kúrò lára igi ápù láàárọ̀ yìí, orí igbó ọgbà ni mo sá aṣọ sí. Hender ló fọwọ́ ara rẹ̀ ká a. Kó tó dì í sínú àpò, mo fi ìka mi tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe máa ń fi ìka wá iná orí rẹ nígbà tí o wà ní kékeré. Kò já níbì kankan.